Àlejò Tí Wọ́n Ní Kò Lórúkọ

Ẹ fà mọ́bí, ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó ń gbọ́ mi nínú ọkọ̀ ojú omi, kó rọra máa wà á. Ẹni tó ń gbọ́ mi nídìí ààrò, kó ro ọbẹ̀ rẹ̀ kó má baà jóná, kó wá na etí síbí. Kí ọmọdé jókòó síwájú, kí àgbà rí ògiri fẹ̀yìn tì.

Ẹ mọ èmi Àwẹ̀ró. Orin ni mo fi ń jí, orin ni mo fi ń sùn, bí ìyà bá ń jẹ mí gan-an, mo lè bá a jó. Ṣùgbọ́n inú tó bí mi lọ́jọ́ Ìrántí tó kọjá yìí, kò tíì rọ̀ tán. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ń hó nínú mi bí ìkòkò tí wọ́n fi ọmọrí dé. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i fún yín.

Àárọ̀ ni. Oòrùn ti ràn sára àwọn òpó tó gbé ìlú wa, Òkè-Ìsádi, sókè kúrò lójú omi. A ti bẹ ewùrà tí a gbìn sínú àpò lórí òrùlé, a ti rin ín, ìkọ́kọrẹ́ ti wà lórí iná. Múkáílà, aládùúgbò wa tó ń tọ́jú ẹja inú àgbá fún gbogbo àdúgbò, òun ló di orógùn mú, ẹnu rẹ̀ kò sì sinmi.

"Ìkọ́kọrẹ́ tí èmi bá rò," ó ń wí, "obìnrin tó bá jẹ ẹ́ kò ní í tún wo ojú ọkọ mìíràn."

"Ta ló wá ń wo ojú tìrẹ?" mo bi í.

"Ẹ̀yin ni, Ìyá. Ẹ ti ń wò mí láti àárọ̀."

"Ìkòkò ni mò ń wò."

Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni Eyínmẹ́nugún ti jáde sí gbàgede. Ó kọjú sí omi, ó wúkọ́ díẹ̀, ó fẹ́ dán orin rẹ̀ wò kí àwọn èèyàn tó dé. Bó ṣe la ẹnu pé "Jayéọlá," ìlẹ̀kẹ̀ ohùn tó wà lọ́rùn rẹ̀ pọ́n. Ẹ mọ bí tiyín ṣe máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ bá fẹ́ kọ orin olórin. Èyí kò pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ó pọ́n bí irin inú iná, ohùn sì gé lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ bí ìgbà tí ọ̀bẹ gé okùn. Ẹnu ń ṣí, ẹnu ń pa dé, kò sí ohun tó ń jáde.

Ìlẹ̀kẹ̀ bá fọhùn, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń sọ ohun burúkú: "Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiyín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ẹnu mọ́."

Ó tún gbìyànjú. Ó tún pọ́n. "Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiyín."

Múkáílà gbé orógùn dúró sófuurufú. "Kí ló ní kì í ṣe tiwọn? Orin tí wọ́n fi ń pa wá lẹ́kún lọ́dọọdún?"

Eyínmẹ́nugún yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ ti padà, nítorí ọ̀rọ̀ lásán ló fẹ́ sọ.

"Ìyàwó," ó ní, "orin mi dà?"

Kí n tó dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ sí mi. Àbúrò ọkọ mi lóbìnrin ni. Ọmọ kékeré ni nígbà tí mo wọ ilé wọn, kò tíì lè gbé omi kún garawa. Ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí n tó dé, nítorí náà ọkọ mi ni. Ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ìyá ọkọ mi bu omi sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ohunkóhun tí o bá bá nínú ilé yìí, ìbáà ṣe ẹyin adìẹ, ó jù ọ́ lọ. O ò gbọdọ̀ pe ọmọ ilé yìí ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́." Mo wo ọmọ kékeré náà. Eyín rẹ̀ tò rẹ́gírẹ́gí bí àgbàdo tuntun, ó mú ẹnu rẹ̀ gún régé. Mo ní, "Eyínmẹ́nugún." Láràárọ̀ ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí i, "Eyínmẹ́nugún, ọkọ mi, ẹ jí ire?" Òun náà, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, á gbé ọwọ́ sẹ́yìn bí baálé, á ní, "Dìde, ìyàwó, ilẹ̀ tutù." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Eyín ti ká tán lẹ́nu rẹ̀ báyìí o. Orúkọ ò ká.

Ó wá ń bi mí pé orin òun dà.

Ẹ̀yin tí ẹ pẹ́ lórí pèpéle mi yìí mọ ìdí tó fi bi mí. Ohun tí àwọn ìyá wa ń pè ní búlọ́ọ̀gù ni à ń pè ní pèpéle lónìí: ògiri ìmọ́lẹ̀ tó wà níwájú ilé kálukú, tí a ń bá sọ̀rọ̀, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí aráyé ń wá kà. Èmi tí n kò ka ìwé kọjá ibi tí wọ́n ti ń fi ìka ka iye ewúrẹ́, mo dẹni tó ń kọ̀wé. Mo kọ, mo kọ. Nígbà tó yá, ẹnu ara mi sú mi. Àjọjẹ kì í dùn bí ẹnì kan ò bá ní. Èmi nìkan ni mo ń sọ̀rọ̀, àwọn tó wà láyìíká mi lọ́rọ̀ nínú tó jù tèmi lọ. Mo bá kọ orin kan sórí pèpéle, mo fi pe àlejò:

Ẹ wá bá mi jókòó o,
pèpéle mi gbòòrò.
Ẹni tó lọ́rọ̀, kó mọ́rọ̀ wá,
ẹni tó lórin, kó mórin bọ̀;
èmi nìkan kọ́ ni mo lẹ́nu,
pèpéle mi gbòòrò.

Eyínmẹ́nugún ló kọ́kọ́ jẹ́ ìpè. Ó pa ojú dé, ó kọ orin Jayéọlá, ọmọ rẹ̀ tí omi gbé lọ, sínú rẹ̀, orin tí kì í kọ níbòmíràn bí kò ṣe létí omi lọ́jọ́ Ìrántí. Mo sunkún, mo jó, mo tún sunkún. Nígbà tó kọ ọ́ tán, pèpéle bi mí: "Orúkọ àlejò?" Mo ní, "Eyínmẹ́nugún." N kò tilẹ̀ rò ó. Bí ẹ bá bi mí lójú oorun pé ta ni mò ń bá gbé, ohun tí màá wí nìyẹn.

Bó ṣe wá bi mí pé orin òun dà yìí, a ò tíì sọ̀rọ̀ síwájú nígbà tí a gbọ́ ìró lókè. Ọkọ̀ òfúrufú kékeré kan balẹ̀ sórí afárá wa, ọ̀dọ́bìnrin kan sọ̀ kalẹ̀. Aṣọ Ilé-Ìpamọ́ Ọ̀rọ̀ ló wọ̀, ó le gbanjan, orúkọ rẹ̀ ń tàn láyà: Ìmísíolúwa. Ẹ̀rọ kan ń fò tẹ̀lé e, kò ju èkùrọ́ lọ, ó ń kùn bí yànmùyánmú tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó. Etí ni wọ́n ń pè é. Ohun tó bá gbọ́, òfin ti gbọ́ ọ.

"Ẹ káàárọ̀ o, màámi." Ó tẹ orí díẹ̀. Aṣọ tó wọ̀ kò ṣeé kúnlẹ̀. "Ta ló ni pèpéle yìí?"

"Èmi Àwẹ̀ró."

"Ẹ gba àlejò sórí rẹ̀."

"Mo gba àlejò. Ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, màámi. Ẹ ò dárúkọ àlejò yín."

"Mo dárúkọ rẹ̀."

"Eyínmẹ́nugún kò sí nínú Ìwé Ìlú. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní ẹni, Ilé-Ìpamọ́ ló ni ín."

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo na ọwọ́ sí Eyínmẹ́nugún, tó ti gbé ọmọ odó tó fi ń gún ata.

"Ọmọ mi, ẹni tí kò sí ló ń gún ata yẹn?"

"Màámi, mi ò ní—"

"Ẹni tí kò sí ló fẹ́ la ọmọ odó mọ́ ẹ lórí yẹn?"

Múkáílà ní, "Tó bá là á mọ́ ọn, a ó mọ̀ bóyá ó wà."

Ọ̀dọ́bìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ti sọ ọ́ nílé púpọ̀, pé nǹkan kékeré ni. Kí n sáà pe orúkọ àlejò mi tó wà nínú Ìwé Ìlú, kí Etí gbọ́ ọ, orin á padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Eyínmẹ́nugún ti ju ọmọ odó nù. "Èmi fúnra mi á pè é. Orúkọ mi ni—"

Ọ̀dọ́bìnrin náà gbé ọwọ́ sókè. "Àlejò kì í júwe ara rẹ̀, màámi. Onílé ní í júwe àlejò. Àwọn kan ti fi irọ́ bẹ́ẹ̀ gba ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀."

Gbogbo ojú bá yí sí mi.

Mo la ẹnu. Mo mọ orúkọ náà, ẹ má ṣì mí gbọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé wọn. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, lẹ́nu ọkọ mi, lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀. Ó wà lórí ahọ́n mi bí òkúta. Mo pa ẹnu dé.

"Nǹkan kan tún kù," ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí. "Bí ẹ bá ti pe ti Ìwé Ìlú, ti tẹ́lẹ̀ á parẹ́. Ẹnì kan, orúkọ kan. Ẹ kò ní í lè pè wọ́n ní Eyínmẹ́nugún mọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ yín á pọ́n."

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi! Ó bí mi débi tí orin gan-an sá kúrò lẹ́nu mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, o lọ́kọ?"

"Mo lọ́kọ, màámi."

"Ọkọ rẹ ní àbúrò?"

"Ó ní ọ̀kan."

"Kí lo ń pè é?"

"Nọ́ńbà rẹ̀ ni mo fi ń pè é."

Múkáílà sọ orógùn sílẹ̀. "Nọ́ńbà! Bí iná bá wá ń jó ilé, kó tó ka nọ́ńbà náà tán, àbúrò ọkọ ti di eérú."

"Ilé lọ lọ́wọ́ wa," mo ní, "omi ló gbà á, a ò bá omi jà. Ẹ wá fi ìlẹ̀kẹ̀ sí wa lọ́rùn bí ajá, a fara dà á. Ẹnu wa náà lẹ tún wá dí? Ta ló fi yín jẹ olórí ẹnu? Èmi ni mo pe àlejò wá sílé mi, ẹ̀yin lẹ ń bá mi ká oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀!"

Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí Eyínmẹ́nugún fi já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Ìyàwó! Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kọ́ lò ń sọ yẹn. Orúkọ mi ni wọ́n ní kí o pè."

"Ẹ gbà mí láyè, ọkọ mi—"

"N kò gbà ọ́ láyè! Nígbà tí omi gbé Jayéọlá, kò fi bàtà sílẹ̀ fún mi, kò fi aṣọ sílẹ̀. Orin yẹn nìkan ni mo rí gbé jáde. Gbogbo ọdún tí mo fi dì í mọ́ra, kò sọnù. Ìwọ lo ní kí n wá, o ní pèpéle rẹ gbòòrò. Mo gbé ọmọ mi wá sórí pèpéle rẹ, ìyàwó! Ṣé bó ṣe gbòòrò tó nìyí, tí ọmọ fi jábọ́ níbẹ̀?"

Òótọ́ ni.

"Pe orúkọ mi. Ta ló bèèrè ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ rẹ lónìí?"

Mo la ẹnu. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu yẹn tún pa dé fúnra rẹ̀.

Ó wò mí títí. Omi wà lójú rẹ̀, kò jẹ́ kó dà. "Ó dáa," ó ní. "Má tún fi ẹnu rẹ kàn mí mọ́. Bí o bá pè mí láti òní títí dọjọ́ ikú, n kò ní í dáhùn." Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà.

Àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe Ìrántí ti ń gba orí afárá dé, wọ́n gbé abọ́ dání, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Gbogbo wa la ní ẹni tí omi gbé. Orin Eyínmẹ́nugún ni a fi ń sunkún wọn pọ̀. Bí kò bá sí orin, a ó kàn dúró létí omi bí igi ni.

Ọ̀dọ́bìnrin náà sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹni inú yàrá má gbọ́.

"Màámi, ọ̀nà kan ṣì wà, àwọn èèyàn kì í sábà lò ó. Bí ẹ bá pè wọ́n ní orúkọ tí ẹ fún wọn, tí wọ́n sì dáhùn, Etí á fi ohùn wọn wé ti inú orin. Bó bá bá a mu, á gbà pé ẹni náà wà, orúkọ náà á wọ Ìwé Ìlú."

"Wọn yóò dáhùn sí i?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ lè pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ sọ fún wọn pé kí wọ́n dáhùn. Tí ìpè kẹta bá kọjá láìsí ìdáhùn, ó tán nìyẹn. Orin di ti Ilé-Ìpamọ́ títí láé. Ti Ìwé Ìlú gan-an kò ní í gbà á padà mọ́."

"Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ búra lójú rẹ pé òun ò ní í dá mi lóhùn?"

"Mo gbọ́, màámi."

"Ta ló ṣe irú òfin báyìí?"

"Wọ́n ti ṣe é kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́."

Mo fẹ́ gbá a létí. Mo wo ojú rẹ̀, ọmọ kékeré ni, oorun wà lójú rẹ̀. Mo fi ìbínú mi pa mọ́ fún àwọn tó rán an.

Mo lọ dúró síwájú ilẹ̀kùn yàrá. Etí fò tẹ̀lé mi, ó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi gangan. Mo pè é bí mo ṣe ń pè é bí ọbẹ̀ bá délẹ̀:

"Eyínmẹ́nugún o!"

Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún, ó yí ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.

Mo fi orin pè é. Ẹ mọ̀ pé kò sí ilẹ̀kùn tí orin mi kò ṣí rí.

Eyínmẹ́nugún, ọmọ ọkọ mi,
adúmáadán bí kóró iṣin,
bó o bá bínú, o ò ní í kọ̀yàwó,
bó o bá kọ̀yàwó, ta ni yóò ṣe ọ́ lọ́jọ̀?
Eyínmẹ́nugún, yọjú o!

Àwọn tó dúró lórí afárá gbe orin náà. Múkáílà fi orógùn lu etí ìkòkò. Ó dùn débi tí mo fi gbàgbé pé mò ń bínú. A dákẹ́. A tẹ́tí.

Kò sí nǹkan kan.

"Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn, màámi," ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ti Ìwé Ìlú. Ó ṣì ṣeé ṣe báyìí. Ẹ má fi orin wọn ta tẹ́tẹ́."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ohun tí mò ń dì mú, tèmi ni: ẹ̀jẹ́ tèmi, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti bu omi sí ẹsẹ̀ tèmi. Ohun tí mo fẹ́ fi ra á, ọmọ ọlọ́mọ ni. Orin Jayéọlá ju ẹnu ìyàwó lọ. Mo pinnu. Màá pe orúkọ náà. Ìlẹ̀kẹ̀ á pọ́n mọ́ mi lọ́rùn lójoojúmọ́, màá máa bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àjèjì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun á ní ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò lè wà lórí ìdúró kí n ṣẹ̀ sí ìyá ọkọ mi. Mo ní kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin náà níbi tó wà. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Orúnkún mi, ẹ̀yin èèyàn mi, orúnkún yìí ti gbó, ó dún kó kó kó bí ẹni ń fọ́ àgbọn. Mo kanlẹ̀. Mo la ẹnu láti pe orúkọ tí ìjọba mọ̀.

Ohun tó jáde ni:

"Eyínmẹ́nugún, ọkọ mi, ẹ jí ire?"

"Yéè!" Múkáílà ké. Ọ̀dọ́bìnrin náà fi ọwọ́ bo ojú. Èmi náà fi ọwọ́ di ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́. Orúnkún ló gba ọ̀rọ̀ sọ mọ́ mi lẹ́nu. Ó ti kanlẹ̀ bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ láti ìgbà èwe mi, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ bí a bá kanlẹ̀. Kò mọ òmíràn.

Etí ń kùn. Omi ń lu òpó nísàlẹ̀. Mo gbé ojú lé igi ilẹ̀kùn, mo ní nínú mi pé, Àwẹ̀ró, o ti pa ọmọ obìnrin yìí lẹ́ẹ̀kejì.

Bẹ́ẹ̀dì dún.

"Dìde!" Ohùn náà ti inú yàrá bú jáde bí àrá. "Dìde, ìyàwó! Orúnkún tó ń dùn ọ́ láti àná, tí o ò jẹ́ kí n sùn nítorí ẹ̀, òun lo tún fi kanlẹ̀ yẹn? Dìde, ilẹ̀ tutù!"

Etí ṣíwọ́ kíkùn. Ó yí lẹ́ẹ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ ewé tútù jáde lára rẹ̀. "Ó dáhùn," ó ní. "Eyínmẹ́nugún wà."

Ariwo tó sọ! Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ilẹ̀kùn ṣí, Eyínmẹ́nugún yọjú, ó fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, ó ti tutù. Ó wo gbogbo wa bí ẹni tó bá ewúrẹ́ nínú ilé ìdáná.

"Ta ló kú?"

Mo ṣì wà nílẹ̀. Mi ò lè dìde. "Ẹ ní ẹ ò ní í dá mi lóhùn."

"N kò dá ọ lóhùn. Orúnkún rẹ ni mo dá lóhùn." Ó na ọwọ́ sí mi, ó fà mí dìde. Ó wá sọ ọ́ sí mi létí, èmi nìkan ló gbọ́, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ fún yín: "Mò ń gbọ́ ọ láti ẹ̀ẹ̀kínní. Mo dùbúlẹ̀, mò ń rò ó. Àwọn ìyàwó ilé wa tó kù ti lọ, ìwọ nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ní bó o bá pe èyí tó wà nínú ìwé wọn, wọn á dá Jayéọlá padà fún mi, ṣùgbọ́n ta ni wọn á dá a padà fún? Obìnrin kan tí a ò mọ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ìyàwó. Inú ń bí mi sí ọ débi tí mi ò lè la ẹnu."

"Ṣé ó ṣì ń bí yín?"

"Ó ṣì ń bí mi. Fún mi lómi."

Mo fún un lómi. Ó mu ún, ó lọ sétí omi, gbogbo èèyàn tẹ̀lé e, abọ́ lọ́wọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́ lọ́rùn rẹ̀.

Jayéọlá, omi gbé bàtà,
omi gbé ẹní, omi gbé ilé;
omi gbé ọ lọ, ọmọ ọkùnrin,
kò rí orin mi gbé.
Mo fi ẹnu mi pọ̀n ọ́,
mo fi ohùn mi ṣe ọ̀já;
ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́nu,
omi wo ni yóò gbé e?

Kálukú pe orúkọ ẹni tirẹ̀ sínú rẹ̀. A sunkún dáadáa. Ẹkún tó yẹ kí èèyàn sun, bó bá sun ún tán, ebi ló ń pa á.

Múkáílà bẹ̀rẹ̀ sí í bu ìkọ́kọrẹ́. Eyínmẹ́nugún ló kọ́kọ́ bu tirẹ̀ fún ọ̀dọ́bìnrin Ilé-Ìpamọ́, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bá wí. "Jókòó, jẹun," ó ní. "Ẹni tí kò sí ló gún ata rẹ̀."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó tú bọ́tìnnì ọrùn aṣọ líle yẹn, ó jẹ ẹ́, ó lá ìka.

Èmi kò tíì rẹ́rìn-ín sí i. Mo bi í: "Ọ̀rọ̀ mélòó ló wà nínú àpótí yín tí ẹ ní kò lẹ́ni?"

Ó gbé ojú sílẹ̀. "Wọ́n pọ̀, màámi. Wọ́n pọ̀ gan-an. Ti àwọn ìyá àgbà ló pọ̀ jù."

"Lọ sọ fún wọn níbẹ̀ pé Àwẹ̀ró ń pe àlejò. Ìyàwó tó bá ń pe ọmọ ọkọ rẹ̀ ní Ìbàdíàrán, kó mú un wá. Èyí tó ń pe tirẹ̀ ní Akọ̀wé, kó mú un wá. Kí wọ́n wá pe ara wọn lórí pèpéle mi, kí wọ́n máa dáhùn títí Etí yín á fi di adití."

"Màá sọ fún wọn," ó ní. Ó tún na abọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, màámi, ẹ bu díẹ̀ sí i. Mo fẹ́ gbé e lọ fún àbúrò ọkọ mi."

"Kí lo máa pè é bí o bá gbé e délé?"

Ó rò ó títí, ẹ̀rín ń kó sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ó máa ń rìn bí ẹni tó ni ọ̀nà," ó ní. Kò tíì mú orúkọ jáde, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ti ń wá a. Mo bu ìkọ́kọrẹ́ sí i, mo fi ẹja méjì lé e lórí.

A jẹ, a jẹ. Múkáílà fi ọwọ́ ha ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ní òun kò rí obìnrin kankan tó wo ojú òun, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló wo abọ́ òun. Nígbà tí oòrùn fà sẹ́yìn òpó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ikùn yó, ojú wú fún ẹkún, orin Jayéọlá lẹ́nu wọn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí afárá, ìlẹ̀kẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sì pọ́n.

Ó wá ku èmi àti òun. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, oorun ti ń gbé e. Ìbínú tí mo ní sí Ilé-Ìpamọ́ ṣì wà nínú mi, mi ò tíì sọ ọ́ sílẹ̀, màá lò ó lọ́jọ́ mìíràn. Mo fọ ìkòkò. Mo gbé e dé. Mo wò ó.

"Eyínmẹ́nugún," mo ní, kẹ́lẹ́.

"Kí ló tún dé, ìyàwó?"

"Kò sí nǹkan. Mo kàn pè yín ni."